Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò tí kò ní tú: bí ẹ ṣe lè fi òfin àjọgbà gbé e ró

Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí ni ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò: kóòṣì tí kì í gba owó oṣù, alága tó ń fi owó àpò ara rẹ̀ ra omi, balógun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n orí pápá ni ọ̀pọ̀ yín ń wá: ṣé ẹni mẹ́ta ni kó wà lẹ́yìn àbí mẹ́rin, ta ni kó dúró síwájú. Kò burú. Àmọ́ nínú àwọn ẹgbẹ́ tí mo mọ̀ tó ti tú ká ní Ìbàdàn níbí, díẹ̀ ló tú nítorí ọgbọ́n orí pápá. Owó tú òmíràn. Ìjà àgbà àti ọmọdé tú òmíràn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti ọmọ kan ṣoṣo tó mọ bọ́ọ̀lù í gbá débi pé kò sẹ́ni tó lè bá a wí mọ́, tí àwọn yòókù sì ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ lè kọ òfin kún ìwé kan. Ohun tí ẹ bá ṣe lọ́jọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù bá rú u, òun gan-an ni òfin yín. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ìmúrasílẹ̀ fún ọjọ́ yẹn ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Kí ni a kó ara wa jọ fún?

Ẹ bi àwọn ọmọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má bi wọ́n lágbo, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹnì kan ń retí kí aṣojú agbábọ́ọ̀lù rí òun kó gbé òun lọ sí Yúróòpù. Ẹnì kejì ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Òógùn àárọ̀ Sátidé ló bá wá, kò bá ti ife wá. Ẹnì kẹta fẹ́ gba ife àdúgbò lọ́dún yìí, kódà bó bá gba pé kí a lọ yá agbábọ́ọ̀lù láti Mọ́níyà. Kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú wọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọ́n jọ wọ jẹ́sì kan náà, ọ̀nà wọn ò pa pọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ síta. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ẹ wo Athletic Bilbao ní Sípéènì. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti fẹnu kò pé ọmọ ilẹ̀ Basque, ìyẹn agbègbè tí ìlú Bilbao wà, tàbí ẹni tó kọ́ bọ́ọ̀lù níbẹ̀, nìkan ni yóò máa wọ jẹ́sì àwọn. Real Madrid àti Barcelona ń ra ẹni tó bá wù wọ́n káàkiri ayé. Bilbao ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ àwọn mẹ́ta yìí nìkan ni kò tíì já bọ́ láti líìgì àgbà Sípéènì rí. Wọ́n san nǹkan fún un o: Ife Ọba tí wọ́n gbà ní 2024, ó tó ogójì ọdún tí wọ́n ti gbà á kẹ́yìn, ní 1984. Àwọn olólùfẹ́ wọn mọ ohun tí àwọn fi sílẹ̀ àti ohun tí àwọn dì mú.

Nítòsí wa níbí, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ṣe ipò kejì ní líìgì Nàìjíríà ní 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024. Nílẹ̀ yìí tí wọ́n ti ń lé kóòṣì lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, Daniel Ogunmodede, kóòṣì wọn, kò kúrò. Ní 2025, wọ́n gba líìgì náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ tó bá ti mọ ohun tó ń kọ́, ipò kejì kì í mú un wárìrì.

Nítorí náà, ẹ mú ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Bó bá jẹ́ pé ìlera àti ọ̀rẹ́ ni ẹ bá wá, ẹ má fi ọmọ báǹkì jókòó nítorí pé kò wá lọ́jọ́rú. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé àwọn ọmọdé síta kí ayé rí wọn, ẹ gbà pé ẹ óò máa pàdánù nígbà mìíràn kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè rí àyè gbá. Bó bá jẹ́ ife ni, ẹ sọ ọ́ gbangba, kí ẹni tí kò lè wá fún ìgbaradì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ tètè mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ńlá di ohun tí ojú lè rí

“Ìbọ̀wọ̀, ìfẹ́, ìṣọ̀kan, ìbáwí.” Ògiri ilé ẹ̀kọ́ wo ni wọn ò kọ wọ́n sí? Ọmọ tó fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́ dé kò rò pé òun ò bọ̀wọ̀ fún ẹgbẹ́. Lójú tirẹ̀, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ló dá a dúró. Ọ̀rọ̀ tí kálukú lè túmọ̀ bó ṣe wù ú kò lè mú ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ọ́ di ìṣe, kí ẹnikẹ́ni tó bá dúró létí pápá lè sọ bóyá wọ́n ṣe é tàbí wọn ò ṣe é.

Dípò “a óò bọ̀wọ̀ fún àkókò”, ẹ kọ pé: aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, bùútù ti wà lẹ́sẹ̀. “Mo ti dé oríta” kò sí nínú rẹ̀. Dípò “ìrẹ̀lẹ̀”, ẹ kọ pé ẹni tó gbá góòlù wọlé jù lóṣù yìí ni yóò máa kó bọ́ọ̀lù àti kóònù lóṣù tó ń bọ̀. Dípò “ìbọ̀wọ̀ fún rẹfirí”, ẹ kọ pé balógun nìkan ló ń bá rẹfirí sọ̀rọ̀. Dípò “ìfẹ́”, ẹ kọ pé bí ẹnì kan bá fara pa, ẹni méjì gbọ́dọ̀ dé ilé rẹ̀ kí ọjọ́ méjì tó pé, kì í ṣe kí gbogbo yín máa fi “sọ́rì o” ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Nínú ìdíje ife àgbáyé 2018 ní Rọ́ṣíà, Japan ń fi góòlù méjì sí òdo na Belgium kí Belgium tó dá mẹ́ta padà, tí ẹ̀kẹta sì wọlé ní ìṣẹ́jú tí wọ́n fi kún un. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dun àwọn ará Japan tó, mímọ́ tónítóní ni wọ́n bá yàrá ìmúra wọn nígbà tí wọ́n lọ, wọ́n sì fi ìwé ìdúpẹ́ sílẹ̀ ní èdè Rọ́ṣíà. Àwọn All Blacks ti New Zealand, tí gbogbo ayé rọ́gíbì ń bẹ̀rù, ń gba ìgbálẹ̀ gbá yàrá tiwọn lẹ́yìn eré, àgbà inú wọn pẹ̀lú ọmọdé.

Ní tiwa, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ó ju ọ̀rọ̀ ìwà lọ. Pápá ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ yín ń yá lò, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó bá bá ọ̀rá nílẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè kò ní bá yín jà. Yóò kàn ti géètì ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: a kì í kúrò ní pápá kí ẹni tó kéré jù àti ẹni tó dàgbà jù tó jọ yí i po lẹ́ẹ̀kan láti ṣa ọ̀rá.

Òfin márùn-ún tó. Mẹ́fà náà ò burú. Bó bá ti ju méje lọ, ẹ béèrè rẹ̀ lójijì lọ́wọ́ aṣọ́lé yín, ẹ ó rí i pé kò rántí ju mẹ́ta lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pe ìpàdé, kí àbúrò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀

Ẹ má pè é lọ́jọ́ tí ẹ pàdánù, inú ń bí gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má pè é nínú ilé alága náà, torí ẹni tó bá jẹ ìrẹsì alága kò ní sọ òótọ́ níbẹ̀. Ẹ jókòó yípo lórí koríko lẹ́yìn ìgbaradì, kí kóòṣì náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ohun tó ń ba ìpàdé wa jẹ́ ni pé ẹ̀gbọ́n ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ tirẹ̀ tán, àwọn ọmọdé á ní “bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe rí nìyẹn”, wọ́n á sì máa lọ sọ èyí tó wà nínú wọn nídìí ọ̀kadà. Ẹ yí i padà. Ẹni tó kéré jù ni kó bẹ̀rẹ̀, kí ó máa gòkè títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dàgbà jù, kí kóòṣì kẹ́yìn gbogbo wọn. Ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ bi wọ́n: kí ló máa ń bí ẹ nínú jù nínú ẹgbẹ́ yìí? Ọjọ́ wo ni inú ẹ dùn jù pé o wà pẹ̀lú wa? Inú ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ ni òfin yín wà. Bí ẹni márùn-ún bá sọ pé bí àwọn àgbà ṣe ń bú àwọn tí bọ́ọ̀lù bá já lẹ́sẹ̀ àwọn ló ń bí àwọn nínú, ẹ ti rí òfin kan nìyẹn.

Kí akọ̀wé kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kó má sọ ọ́ di èdè agbẹjọ́rò. Bí ẹ bá ní ọmọ Ígbò, Ẹ̀gùn tàbí Haúsá láàárín yín, ẹ lo èdè tí gbogbo yín gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ “mo gbà”, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò fara mọ́ kí a máa nawọ́ dìbò lórí irú nǹkan báyìí: ẹni tí ìbò rẹ̀ já kò ní ka òfin náà sí tirẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà, ẹ bi í léèrè ohun tó lè gbà.

Kóòṣì ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun díẹ̀ tí kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀, àmọ́ kó sọ ọ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Tèmi mẹ́ta ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ na rẹfirí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa, ìbáà jẹ́ igba náírà: wọ́n fi òfin de agbábọ́ọ̀lù Ivan Toney fún oṣù mẹ́jọ ní 2023 nítorí tẹ́tẹ́, agbábọ́ọ̀lù Sandro Tonali náà sì fi oṣù mẹ́wàá jókòó sílé. A kì í sì í gé ọjọ́ orí. Láti 2009 ni FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ U-17 láti mọ ọjọ́ orí wọn, ẹ̀rọ yẹn kò mọ ìwé ìbúra ọjọ́ orí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n. Kò sí bí a ṣe máa kó àwọn ọmọ Yorùbá jọ tí kò ní jáde. Ọmọ ogún ọdún wà lẹ́yìn, ó rí i pé ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tó wà níwájú òun kò padà wá. Kí ó tó wí tán pé “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa padà sẹ́yìn díẹ̀, sà”, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n. Bó bá sì ké “Padà!”, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kúkúrú tí gbogbo ènìyàn lè ké sí gbogbo ènìyàn: “Padà!” “Ó ń bọ̀!” “Tèmi!” Nínú ìlà funfun, kò sí ẹ̀gbọ́n. Tí a bá ti jáde, kálukú padà sí ipò rẹ̀, kí ọmọ kí àgbà bó ṣe yẹ. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ kéde èyí. Bí kóòṣì bá sọ ọ́ nìkan, ọmọ kankan kò ní dán an wò. Bí ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù bá dìde tó ní, “Ẹ pè mí lórúkọ lórí pápá, mi ò ní bínú,” ẹ ó rí i bí ara gbogbo wọn ṣe máa tú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ to ọ̀rọ̀ owó kó tó dìjà

Ilé tó ń tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, owó ni ọmọ àlè náà, ó sì máa ń dàgbà ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá dé àṣekágbá.

Kò yọ ẹni ńlá sílẹ̀. Nínú ife àgbáyé ní Brazil ní 2014, kí Super Eagles tó pàdé France nínú ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rìndínlógún, àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ̀ láti lọ fún ìgbaradì nítorí owó àjẹmọ́nú, títí ìjọba fi dá sí i. France sì fi góòlù méjì sí òdo lé wọn sílé. Ní 2016, àwọn obìnrin wa Super Falcons gba ife Áfíríkà ní Cameroon, wọ́n padà dé Àbújá, wọn ò kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì nítorí pé wọn ò rí owó wọn gbà. Àwọn aṣáájú tí ń ṣèlérí láìkọ ọ́ sílẹ̀ ló ń fa irú èyí, ìjà náà sì máa ń bọ́ sórí àwọn ọmọ.

Bí mo ṣe ní kí ẹ ṣe é nìyí. Kí ẹnì kan máa gba owó, kí ẹlòmíràn máa kọ ọ́. Kí kóòṣì má ṣe jẹ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ká ní ẹ jẹ́ méjìlélógún, tí kálukú ń dá ₦500 lọ́sẹ̀, ₦11,000 nìyẹn, ₦44,000 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní gbogbo Sátidé, kí akọ̀wé dìde kó ka ohun tó wọlé, ohun tó jáde àti ohun tó kù, kó tó di pé ẹ túká. Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ti ń ka owó sókè, kò sẹ́ni tó ń fura síra wọn níbẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ọmọ ilé ìwé tí kò ní, kí àwọn méjì tó ń bójú tó owó bá a sọ ọ́ níkọ̀kọ̀, kí wọ́n dín in kù fún un. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ mọ̀.

Owó ẹ̀bùn ìdíje ńkọ́? Ẹ pín in kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, lórí ìwé. Èrò tèmi ni pé kí ó dọ́gba fún gbogbo ẹni tó bá pé iye ìgbaradì tí ẹ fẹnu kò lé lórí, ẹni tó jókòó sórí bẹ́ńṣì pẹ̀lú ẹni tó gbá góòlù. Àwọn kan á ní kò tọ́, pé ẹni tó gbá góòlù ló mú owó wá. Ẹ bi wọ́n léèrè àwọn tó ń bá ẹni tó gbá góòlù náà gbaradì ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Ó ku owó kan tí a kì í fẹ́ dárúkọ: owó tí a fi ń lọ bá Ààfáà, wòlíì tàbí babaláwo kí àṣekágbá tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó fi owó ara rẹ̀ lọ, kó má sì darúkọ ẹgbẹ́. Àpò ẹgbẹ́ kì í san án. Bí ẹ bá san án lẹ́ẹ̀kan tí ẹ sì pàdánù, ọ̀rọ̀ á di àdúrà ta ni kò gbà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn níwòkuwò. Àdúrà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó kúrú, kó máa lọ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Lóṣù Ramadan, ẹ gbé ìgbaradì sí ẹ̀yìn ìṣínu, kí àwọn tí kò gbààwẹ̀ má sì mu omi lójú àwọn tó ń gbà á bó bá ṣe pé ìrọ̀lẹ́ ni ẹ pàdé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yan balógun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tà

Kò di dandan kó jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Nígbà tí Nàìjíríà fi góòlù mẹ́ta sí òdo na Algeria ní àṣekágbá ife Áfíríkà ní Èkó ní 1980, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ló gbá méjì, Mudashiru Lawal gbá ẹ̀kẹta, ọmọ Shooting Stars Ìbàdàn sì ni àwọn méjèèjì. Balógun tó gbé ife náà, Christian Chukwu tó wà lẹ́yìn ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní “Chairman”.

Bí ẹ ṣe máa mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀: ẹ pẹ́ dé pápá lọ́jọ́ kan, kí ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tí àwọn yòókù ń wò lójú láti mọ ohun tí wọ́n máa ṣe, òun ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọjọ́ tí Nọ́ńbà Tẹ̀ẹ̀nì bá pẹ́ dé

Ó dájú pé ọjọ́ náà ń bọ̀. Àṣekẹ́yìn-síkejì ni, aago mẹ́ta, Nọ́ńbà Tẹ̀ẹ̀nì, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú yín, kò tíì dé. Ó dé nígbà tí àwọn ìyókù ti ń gbóná ara, ó ń rẹ́rìn-ín, fóònù wà létí. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ kóòṣì.

Ẹ to àkàbà ìbáwí sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ìgbà kìíní, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìgbà kejì, bẹ́ńṣì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ àṣekágbá. Ìgbà kẹta, ó di ti ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta tí àwọn agbábọ́ọ̀lù yàn fúnra wọn. Mo kìlọ̀ fún yín nípa owó ìtanràn: ẹni tí bàbá rẹ̀ lówó á máa fi ra pípẹ́ ni. Mi ò sì gbà kí a máa fi sísá yípo pápá jẹni níyà. Eré sísá ni iṣẹ́ wa. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ìyà, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ràn rẹ̀ mọ́.

Bó bá di ìgbà kejì, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá a sọ níkọ̀kọ̀ lè lọ báyìí:

“O mọ aago tí a fẹnu kò sí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, kóòṣì. Ẹ má bínú, sà. Ìyá mi ló rán mi níṣẹ́.”

“O ò pe balógun.”

“Mi ò pè é, sà.”

“Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Bẹ́ńṣì lo ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kó o ṣetán, torí mo máa nílò ẹ.”

Ó tán. Ẹ má fi ìwàásù kún un, ẹ má sì gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Bí ẹ bá dójú tì í níwájú ogún ènìyàn, ẹ ti fún un ní ìdí láti gbèjà ara rẹ̀ dípò kó tún ìwà rẹ̀ ṣe.

Kí nìdí tí mo fi ní kí ìgbìmọ̀ jẹ́ ti àwọn agbábọ́ọ̀lù? Ẹ rántí France nínú ife àgbáyé ní South Africa ní 2010. Ìròyìn jáde pé agbábọ́ọ̀lù wọn Nicolas Anelka bú kóòṣì rẹ̀ ní yàrá ìmúra. Àjọ bọ́ọ̀lù wọn lé e padà sílé. Àwọn yòókù bá jókòó sínú bọ́ọ̀sì ní Knysna, wọ́n kọ̀ láti lọ fún ìgbaradì, kóòṣì Raymond Domenech fúnra rẹ̀ ló wá ń ka ìwé ìfẹ̀hónúhàn wọn fún àwọn oníròyìn. Póìǹtì kan péré ni wọ́n ní, wọ́n sì kẹ́yìn ní ìsọ̀rí wọn. Ìyà tó bá wá láti òkè, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ kò lọ́wọ́ sí, á sọ ẹni tó ṣẹ̀ di akọni.

Ní 2013, Stephen Keshi, kóòṣì Super Eagles, fi àwọn olórúkọ ńlá kan bí Osaze Odemwingie sílẹ̀ nílé, ó sì kó àwọn ọmọ líìgì wa lọ sí ife Áfíríkà ní South Africa. Ariwo pọ̀. Godfrey Oboabona tí ń gbá fún Sunshine Stars Àkúrẹ́ wà lẹ́yìn fún un. Sunday Mba, ọmọ líìgì ilé, ló gbá góòlù kan ṣoṣo tó fi Burkina Faso sílẹ̀ ní àṣekágbá. Mi ò sọ pé kí ẹ máa lé ìràwọ̀ yín. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìràwọ̀ kan kì í ṣe gbogbo ojú ọ̀run, bí ẹ bá ti fi àkókò kọ́ àwọn yòókù.

Bí ẹ bá fi Nọ́ńbà Tẹ̀ẹ̀nì jókòó tí ẹ sì pàdánù, àwọn òǹwòran á bú yín. Ẹ fara dà á. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ka iye ẹni tó ti wọ bùútù ní aago mẹ́fà ààbọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹni tuntun àti àyálò

Ẹni tuntun, ẹ fi í sọ́wọ́ ẹnì kan fún oṣù àkọ́kọ́, kì í ṣe kóòṣì. Ẹni yẹn ni kó sọ òfin fún un, kó sì máa pè é lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Àyálò, tí àwọn ọmọ ìta ń pè ní mẹ́sínárì, ni ọ̀rọ̀ tó le. Ẹgbẹ́ á ti gbaradì fún oṣù mẹ́rin, àṣekágbá á dé, alága á kó ẹni mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí jáde nínú ọkọ̀. Ẹ lè gba ife. Àmọ́ àwọn mẹ́rin tí wọ́n yọ kò ní gbàgbé, àwọn ọ̀rẹ́ wọn náà kò ní gbàgbé. Bí ẹ kò bá lè ṣe kí ẹ má yá, ẹ fi sínú òfin láti ìbẹ̀rẹ̀: kò ju ẹni méjì lọ, kí wọ́n sì ti bá yín gbaradì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ohùn tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá le

Ní Olympics Atlanta 1996, Brazil tó ní Ronaldo, Bebeto àti Roberto Carlos ti fi mẹ́ta sí ọ̀kan síwájú wa. Okocha gbá pẹ́náritì, Dida, aṣọ́lé Brazil, mú un. Ẹgbẹ́ mìíràn ì bá ti máa naka síra wọn. Victor Ikpeba dá ọ̀kan padà, Kanu dá ẹ̀kẹta padà nígbà tí eré fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Kanu náà ló tún gbá èyí tó parí ọ̀rọ̀ ní àfikún àkókò: mẹ́rin sí mẹ́ta. Wọ́n lọ na Argentina ní àṣekágbá, wọ́n sì gba wúrà. Ní Rabat ní July 2025, Super Falcons wà ní méjì sí òdo lẹ́yìn Morocco nígbà ìsinmi, mẹ́ta sí méjì ni wọ́n fi gba ife Áfíríkà wọn ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá.

Òfin tí mo fẹ́ràn jù níbí ni ti ọwọ́: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ju ọwọ́ sókè sí ẹni tí bọ́ọ̀lù já lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo fídíò yín, ẹ ó rí i pé ẹni tí wọ́n bá ju ọwọ́ sí kì í béèrè bọ́ọ̀lù mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà ìsinmi, kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ mu omi ní ìdákẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Balógun sọ̀rọ̀, kóòṣì sọ ohun méjì péré, ó parí. Alága, bàbá agbábọ́ọ̀lù, ẹ̀gbọ́n tó ń kàwé ní yunifásítì: kí gbogbo wọn dúró sẹ́yìn ìlà. Bí ẹ bá pàdánù, kò sí àlàyé lọ́jọ́ náà. Ẹ ti WhatsApp ẹgbẹ́ pa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí alámòójútó nìkan lè kọ nǹkan sí i. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀ ní aago mọ́kànlá òru nínú ìbínú, fọ́tò rẹ̀ á ti dé àdúgbò kejì kílẹ̀ tó mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ yọ òfin tó ti kú

Ní ìdajì sáà, ẹ tún jókòó. Ẹ ka òfin kọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹ bi ara yín: ìgbà wo ni a lò ó kẹ́yìn? Èyí tí gbogbo ènìyàn ń rú tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹ yọ ọ́ tàbí kí ẹ tún un ṣe, torí òfin kan tó ti kú nínú ìwé á kọ́ àwọn ọmọ pé àwọn yòókù náà lè kú. Bóyá aago mẹ́fà ààbọ̀ ni kò bá àwọn tí ń bọ̀ láti Ọ̀jọ́ọ̀ mu. Ẹ sọ ọ́ di aago méje, kí ẹ sì dúró lé e. Bí sáà bá parí, ẹ ka ìwé owó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú gbogbo ènìyàn, ẹ fẹnu kò lórí ohun tí ẹ máa fi èyí tó kù ṣe, kí ẹ sì kọ ọjọ́ ìpàdé sáà tuntun sí ìsàlẹ̀ ìwé náà kí ẹnikẹ́ni tó dìde.